Bí ẹ ṣe lè tún ìrìn àtijọ́ rìn látinú fọ́tò tẹ́ ẹ yà lọ́jọ́ yẹn

Ẹ gbé páálí fọ́tò yẹn sílẹ̀ ná, ẹ má tíì dà á. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ti ń yún yín, ó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ tú gbogbo ẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ máa ṣà á, èyí tó dáa sọ́tùn-ún, èyí tí ò dáa sósì. Ohun témi náà ṣe nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó ti àwọn fọ́tò ìrìn òkè àti ìrìn ojú ọ̀nà oko tá a ti ń yà bọ̀ láti bí ogún ọdún, mo da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mo kó gbogbo orí òkè pọ̀, mo kó gbogbo odò pọ̀, mo kó gbogbo èyí téèyàn wà nínú ẹ̀ pọ̀, inú mi dùn pé mo ti tún un tò, àfìgbà tílẹ̀ ṣú tí mo wá rí i pé mi ò mọ odò wo ló wà lábẹ́ òkè wo mọ́. Inú àpòòwé láàbù, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń fọ fíìmù, ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, àpòòwé kan fún fíìmù kan, fíìmù kan fún ìrìn kan tàbí méjì tó tẹ̀ léra, èmi ni mo fọwọ́ ara mi tú u ká. Ó dùn mí gan-an. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi tún un ṣe, ohun tí mo sì kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín kẹ́ ẹ má bàa ṣe irú ẹ̀.

Fọ́tò ìrìn yàtọ̀ sí fọ́tò ọjọ́ ìbí. Tọjọ́ ìbí, ẹ lè mú ẹyọ kan níbẹ̀ kó sọ gbogbo ọ̀rọ̀, torí ojú kan náà ni gbogbo yín wà. Tìrìn ò rí bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ orí okùn ni. Ẹ gbéra, ẹ ṣìnà, ẹ padà, òjò pa yín, ẹ gòkè, ẹ sọ̀ kalẹ̀, fọ́tò kọ̀ọ̀kan kàn jẹ́ ibì kan lójú okùn yẹn ni. Bókùn bá já, ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wà lóòótọ́, àmọ́ ẹ ò rí nǹkan fi sọ́rùn mọ́. Torí náà iṣẹ́ àkọ́kọ́, kó tó di pé ẹ ń sọ̀rọ̀ sìkáànì, kó tó di pé ẹ ń wá áàpù kankan, ni pé kẹ́ ẹ dáàbò bo bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra.

Ẹ má jẹ́ kókùn já

Kẹ́ ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya páálí yẹn bó ṣe wà, ẹ ya àpòòwé kọ̀ọ̀kan níwájú àti lẹ́yìn, ẹ ya ojú ìwé álíbọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan lódindi kẹ́ ẹ tó ṣí fọ́tò kankan kúrò lára ẹ̀. Ohun tẹ́nì kan bá ti fi báírò kọ sára àpòòwé nígbà yẹn, kódà kó jẹ́ "ọjọ́ kejì" lásán, wúrà ni. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sára àpòòwé kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì da inú méjì sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ parí ọ̀kan, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ tó mú ìkejì. Ó máa ń súni, mo mọ̀, àmọ́ ẹ fara dà á jàre.

Wàyí o, tó bá jẹ́ pé wọ́n ti dàrú kó tó dọ́wọ́ yín ńkọ́? Ẹ wá nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n fi tẹ fọ́tò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da nẹ́gátíìfù nù torí wọ́n rò pé èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sórí pépà ti tó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é, nẹ́gátíìfù ni fọ́tò gan-an, torí pépà yẹn, ẹ̀dà lásán ni. Ẹ di etí ẹ̀ mú, ẹ gbé e sójú fèrèsé tàbí síwájú kọ̀ǹpútà tó tan ìmọ́lẹ̀ funfun, tó bá jẹ́ fíìmù 35mm tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń lò, ẹ máa rí nọ́ńbà wínníwínní létí ẹ̀, 1, 1A, 2, 2A, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 24 tàbí 36. Bí kámẹ́rà ṣe yà á tẹ̀ léra nìyẹn. Ẹ mú fọ́tò orí pépà kọ̀ọ̀kan wá síbẹ̀, ẹ fi wé e, ẹ fi pẹ́ńsùlù tó rọ̀ kọ nọ́ńbà ẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Láàbù míì tiẹ̀ ti tẹ nọ́ńbà yẹn sẹ́yìn fọ́tò fúnra wọn, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ o: àwọn kámẹ́rà kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti ki fíìmù sí i, wọ́n á kọ́kọ́ fà á jáde tán, wọ́n á wá máa dá a padà sínú ike ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń yà, nọ́ńbà tirú wọn á máa lọ sẹ́yìn, 36 ni ìbẹ̀rẹ̀, 1 ni ìparí. Tẹ́ ẹ bá rí i pé orí òkè ṣáájú ìsàlẹ̀ òkè nínú gbogbo fíìmù tí kámẹ́rà kan yà, ohun tó fà á nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan fún yín. Nínú àpòòwé kan, fọ́tò 13 jẹ́ ọ̀nà tóóró kan tó wọnú kùrukùru lọ, kò séèyàn nínú ẹ̀. Nínú fọ́tò tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa ti jókòó sábẹ́ àpáta ńlá kan, aṣọ wa tutù jìnnìjìnnì, a sì ń rẹ́rìn-ín débi pé ojú ẹlòmíì ti dí. Ó pẹ́ tí mo ti ń wo méjèèjì yẹn, mi ò mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo gbé nẹ́gátíìfù sójú fèrèsé ni mo rí i pé èyí tá a jókòó yẹn, 15 ni, 14 wà láàárín tí láàbù ò tẹ̀ rárá, bóyá torí pé ó ṣú bàìbàì. Mo ṣe sìkáànì ẹ̀. Bàtà ni. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ ti là láti iwájú dé ìdajì bí ẹnu ẹja, ọwọ́ ẹnì kan ń fi okùn búlúù wé e, ẹrẹ̀ wà lábẹ́ èékánná ẹ̀, ewé koríko kan lẹ̀ mọ́ ojú kókó okùn yẹn. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ padà wá, òkè ṣì ń bẹ níwájú wa, kò sẹ́ni tó ní bàtà míì, la bá gé okùn tá a fi ń sá aṣọ, a dì í bí ẹni di ẹrù, ọ̀rẹ́ mi dìde, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta péré, bàtà yẹn ń dún pà, pà, pà lórí òkúta, gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó wà láàárín 13 àti 15 nìyẹn. Ká ní mo da nẹ́gátíìfù yẹn nù ni, ó ti lọ nìyẹn. Torí náà, nọ́ńbà tẹ́ ẹ ò bá rí fọ́tò ẹ̀, ẹ wá a, ẹ má sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí tó ṣú tàbí tó mì, òun gan-an ló sábà máa ń sọ ìdí tí èyí tó dáa fi rí bó ṣe rí.

Tó bá jẹ́ fọ́tò kámẹ́rà dígítà ni tiyín, okùn yẹn náà wà níbẹ̀, orúkọ fáìlì ni. DSC_0412, IMG_0413, kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà yẹn fúnra ẹ̀ lọ láì wo aago, tó bá dé 9999 á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má yí orúkọ yẹn padà sí "òkè dáadáa 1". Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kún un, ẹ fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ níbi tó wà kẹ́ ẹ kọ tiyín mọ́ ọn.

Déètì lè ṣì yín lọ́nà

Àwọn fọ́tò àtijọ́ kan wà tó ní etí funfun tí wọ́n tẹ oṣù àti ọdún sí, síláìdì, ìyẹn fíìmù tí wọ́n gé sínú férémù páálí, náà máa ń ní tiẹ̀. Ọjọ́ tí láàbù fọ fíìmù yẹn ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ rìn. Fíìmù lè wà nínú kámẹ́rà látìgbà ìsinmi kan sí òmíì kó tó délé láàbù. Ohun tí déètì yẹn ń sọ fún yín ni pé ìrìn yẹn ò lè wáyé lẹ́yìn oṣù yẹn, àmọ́ ó lè ti ṣáájú ẹ̀ tipẹ́, ẹ wo ewé igi, ẹ wo aṣọ tí wọ́n wọ̀, ẹ wo bóyá yìnyín wà lórí òkè, àwọn yẹn ló máa sọ ìgbà. Irú fíìmù náà ń ranni lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá rí Kodachrome lára férémù síláìdì, ọdún 1935 ló jáde, Kodak sì dáwọ́ ẹ̀ dúró lọ́dún 2009, láàbù tó kù tó ń fọ̀ ọ́ gba èyí tó kẹ́yìn níparí ọdún 2010, torí náà ẹ ti mọ ibi tó parí sí. Ẹ tún máa rí i pé Kodachrome tó wà nínú òkùnkùn ṣì ní àwọ̀ ẹ̀ dáadáa nígbà tí fọ́tò orí pépà tí wọ́n tẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1979 ti pọ́n tàbí ti rẹ́, àwọ̀ inú pépà ìgbà yẹn kì í lálòpẹ́.

Ti dígítà lẹ́tàn tiẹ̀ náà. Bátìrì kú, aago kámẹ́rà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó wá ń sọ pé January 1 lẹ rìn. Tàbí ẹ rìnrìn àjò lọ síbi tí aago wọn yàtọ̀, ẹ ò sì yí ti kámẹ́rà padà, gbogbo fọ́tò àárọ̀ wá di tàárín òru. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan o. Ẹ wá fọ́tò kan ṣoṣo nínú ìrìn yẹn tẹ́ ẹ mọ àkókò ẹ̀ dájú, fọ́tò tí aago ibùdókọ̀ rélùwéè hàn nínú ẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ ya tíkẹ́ẹ̀tì. Ká ní aago yẹn sọ pé 9:40 àárọ̀, kámẹ́rà sì sọ pé 2:15 òru, ìyàtọ̀ ẹ̀ jẹ́ wákàtí méje àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ohun kan náà lẹ máa fi kún gbogbo yòókù nínú ìrìn yẹn, tí ọjọ́ bá yàtọ̀ náà ẹ ka ọjọ́ mọ́ ọn. Ètò orí kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ ExifTool ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún odindi fódà, Google Photos náà lè sún déètì ọ̀pọ̀ fọ́tò síwájú tàbí sẹ́yìn pa pọ̀. Èyí tẹ́nì kan bá fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp bíi fọ́tò lásán, déètì àti ibi tó wà nínú ẹ̀ ti jábọ́ lọ́nà, ó sì ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ ní kó tún un fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì.

Tẹ́ ẹ bá ṣì ní àwọn tíkẹ́ẹ̀tì àti rìsíìtì ìgbà yẹn, ẹ tètè yà wọ́n ní fọ́tò lónìí, torí èyí tí wọ́n fi ooru tẹ̀ yẹn máa ń parẹ́ tí pépà á di funfun báláú.

Ibo nìyí?

Apá tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ rí i dájú pé fọ́tò yẹn ò dojú kọ ẹ̀yìn, torí nẹ́gátíìfù àti síláìdì rọrùn láti fi sódì, òkè tó wà lọ́tùn-ún á wá bọ́ sósì, ẹ lè fi odindi ọ̀sẹ̀ kan wá a lórí màápù kẹ́ ẹ má rí i. Ẹ wo ohunkóhun tí wọ́n kọ, ẹ wo ọwọ́ tí aago wà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì wà. Lára fíìmù fúnra ẹ̀, ojú kan ń dán, ìkejì ò dán tó bẹ́ẹ̀, èyí tó ń dán yẹn lẹ máa kọjú sí ara yín tẹ́ ẹ bá ń wò ó kó tó lọ bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àmì ọ̀nà. Àwọn tó ń tọ́jú ọ̀nà ìrìn máa ń kun nǹkan sára igi àti òkúta, ojú wa kì í sì í kà á kún torí òkè là ń wò. Ìlà ọ̀dà méjì, funfun lókè, pupa nísàlẹ̀, ọ̀nà ìrìn jíjìn tí wọ́n ń pè ní GR ni, ó pọ̀ ní ilẹ̀ Faransé, tẹ́ ẹ bá wá rí méjèèjì tí wọ́n kọjá lórí ara wọn bí àgbélébùú, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ má gba ibẹ̀. Tó bá jẹ́ funfun, pupa, funfun, mẹ́ta, tí pátákó tó tọ́ka ọ̀nà sì jẹ́ yẹ́lò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà òkè ní Siwítsàlandì. Ọfà yẹ́lò àti ìkarahun jẹ́ ti Camino, ọ̀nà àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn tó lọ sí Santiago ní Sípéènì, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Elías Valiña ló bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọfà yẹn lọ́dún 1984, nítorí náà fọ́tò tó bá ní ọfà yẹn nínú ẹ̀ ti sọ ibi, ó tún ti sọ díẹ̀ nípa ìgbà. Ọ̀dà funfun ẹyọ kan lára igi, fífẹ̀ ẹ̀ íńṣì méjì, gígùn ẹ̀ íńṣì mẹ́fà, ti ọ̀nà ìrìn Appalachian Trail ní Amẹ́ríkà nìyẹn, búlúù sì ni ti ọ̀nà tó yà kúrò lára ẹ̀. Àwọn ọ̀nà ńlá ti ìjọba ní Ìgílánńdì àti Wéèsì, àwòrán èso igi óàkù ni tiwọn. Ẹ fẹ fọ́tò yín lójú, ẹ wo ara gbogbo òpó.

Tí kò bá sámì kankan, ẹ wo etí òkè, ìyẹn ibi tí òkè ti pààlà sí ojú ọ̀run. Ẹ fi ìwé tín-ín-rín tó ń jẹ́ kéèyàn rí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ lé fọ́tò, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa etí yẹn, gegele rẹ̀ àti kòtò rẹ̀, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o. Ẹ wá ṣí Google Earth síbi tẹ́ ẹ rò pé ó jẹ́, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má jẹ́ pé láti òkè lẹ ti ń wò ó, ẹ máa rìn káàkiri títí tí etí méjèèjì fi bára mu. Áàpù PeakFinder náà máa ń ya etí òkè, á tún kọ orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan sí i. Òjìji náà ń sọ̀rọ̀. Níbi tó wà ní àríwá tó jìnnà sí agbedeméjì ayé, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà lápá gúúsù, òjìji á kọrí sí àríwá, ní apá ìsàlẹ̀ ayé ó jẹ́ òdìkejì. Tẹ́ ẹ bá ti tún àkókò fọ́tò ṣe bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan, òjìji èèyàn inú ẹ̀ á sọ fún yín apá ibi tí kámẹ́rà kọjú sí, ìdajì òkè tẹ́ ẹ ń wá á ti jábọ́ nìyẹn.

Àwọn tẹ́ ẹ jọ rìn

Ẹ má fi èyí falẹ̀. Fọ́tò lè dúró de yín, èèyàn ò lè dúró. Àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa béèrè ṣe pàtàkì, torí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá sọ lè wọnú ìrántí ẹlòmíì kó di tiẹ̀. Lọ́dún 2002, Kimberley Wade tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi fọ́tò ìgbà èwe han àgbàlagbà ogún, wọ́n fi ọ̀kan tí wọ́n ti fọgbọ́n ṣe kún un, tó fi wọ́n hàn nínú bálúùnù ńlá tó ń gbé èèyàn fò, wọn ò wọ irú ẹ̀ rí, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi máa parí ọ̀rọ̀, ìdajì wọn ti ń rántí nǹkan kan nípa ẹ̀. Tó bá rí báyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé "àbí ẹ ò rántí ni, ẹ̀yin lẹ já sódò lọ́jọ́ yẹn," ẹ lè ju ẹni ẹlẹ́ni sódò tí ò já sí.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa gbé fọ́tò síwájú wọn, màá dákẹ́. Àgbàlagbà lẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn mú un, kí wọ́n wò ó pẹ́. Ẹ béèrè pé "Mà, kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí?" kì í ṣe "Ṣé ọdún báyìí nìyí?" Ẹ béèrè ohun tí ò sí nínú fọ́tò: ta ló yà á, kí ló wà lẹ́yìn ẹni tó ń yà á, kí ló gbé sẹ́yìn, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ún, kí lẹ gbọ́, ṣé afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹ tan ìgbohùnsílẹ̀ fóònù yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tọrọ àyè, kí wọ́n sì máa dárúkọ nọ́ńbà fọ́tò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ lé e lórí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́yìn ọdún méjì ẹ ò ní mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Tẹ́ ẹ bá ju ẹyọ kan tẹ́ ẹ jọ rìn, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó kó ara yín jọ. Ọ̀rọ̀ wọn máa yàtọ̀, ẹ má fi dá wọn lẹ́jọ́, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, ẹ kọ tiyín kẹ́ ẹ tó gbọ́ tẹnikẹ́ni. Ìwádìí kan tún wà tí Linda Henkel gbé jáde lọ́dún 2014, ó kó àwọn èèyàn lọ sí mùsíọ́ọ̀mù, ohun tí wọ́n yà ní fọ́tò, wọn ò rántí ẹ̀ dáadáa tó ohun tí wọ́n kàn fojú wò, àfi àwọn tí wọ́n sún kámẹ́rà mọ́ apá kan nínú ẹ̀. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ bi ara yín nípa àárín fọ́tò kan sí èkejì, torí ibi tẹ́ ẹ ò ti yà yẹn, ojú yín lẹ fi rìn ín.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mú un àti bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe sìkáànì ẹ̀

Ọwọ́ tó mọ́ tó sì gbẹ, etí ni kẹ́ ẹ dì mú, omi ò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá eruku ẹ̀ kúrò. Álíbọ́ọ̀mù tó ní gọ́ọ̀mù lójú ìwé tẹ́ ẹ ń fi ọ̀rá bò yẹn, gọ́ọ̀mù ẹ̀ máa ń pọ́n ó sì ń ba fọ́tò jẹ́, ẹ yọ wọ́n níbẹ̀, àmọ́ ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ má fi èékánná ṣí i, ẹ wá òwú tín-ín-rín tí wọ́n fi ń nu àárín eyín, ẹ ki í sábẹ́ igun kan kẹ́ ẹ máa fà á sọ́tùn-ún sósì bí ayùn títí tó fi máa já. Tó bá kọ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ya ojú ìwé yẹn bó ṣe wà. Polaroid, ìyẹn fọ́tò tó ń jáde látinú kámẹ́rà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má gé etí funfun ẹ̀ láéláé, kẹ́míkà wà níbẹ̀. Nẹ́gátíìfù tó bá ń rùn bíi fínígà ti ń bàjẹ́, ẹ yà á sọ́tọ̀ kó má kó ran yòókù, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe sìkáànì ẹ̀.

Fọ́tò orí pépà, 600 dpi (ìyẹn iye àmì nínú íńṣì kan) tó, íńṣì mẹ́rin sí mẹ́fà á fún yín ní píksẹ̀lì 2400 sí 3600. Nẹ́gátíìfù 35mm kéré gan-an, mìlímítà 24 sí 36 péré ni, nítorí náà ẹ lo 2400 dpi ó kéré tán, ó dáa tó bá lè dé 4000. Ẹ fi TIFF, irú fáìlì tí kì í dín nǹkan kù nínú fọ́tò, pa èyí tẹ́ ẹ máa tọ́jú mọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà JPEG láti ara ẹ̀ fún fífi ránṣẹ́. Ẹ ṣe sìkáànì ẹ̀yìn fọ́tò náà tí ọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá ní ẹ̀rọ, fóònù náà á ṣe é, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ò ti wọlé tààrà, ẹ pa fíláàṣì, ẹ gbé fóònù sókè rẹ́gí kó má tẹ̀ sápá kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún àwọ̀ ẹ̀ ṣe, ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó. Mi ò fara mọ́ kí áàpù máa fi ojú tuntun sójú èèyàn kó lè mọ́lẹ̀ o, ẹni yẹn kọ́ lẹ bá rìn.

Orúkọ fáìlì, ẹ jẹ́ kó gbé okùn yẹn dání: ọdún, nọ́ńbà ìrìn, nọ́ńbà fọ́tò, bíi 1994_ìrìn03_14. Tẹ́ ẹ ò bá mọ ọdún dájú, ẹ kọ 199x, ó sàn ju kẹ́ ẹ méfò lọ. Nínú fódà ìrìn kọ̀ọ̀kan, ẹ fi fáìlì ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síbẹ̀ tẹ́ ẹ ti kọ ìrìn yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nọ́ńbà fọ́tò á máa wà láàárín ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, sórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíì tó jìnnà sílé yín. Èyí tó wà lórí pépà àti nẹ́gátíìfù, ẹ fi wọ́n síbi tó tutù, tó gbẹ, tó ṣókùnkùn, kì í ṣe àjà, kì í ṣe abẹ́ ilẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí sẹ́lótéèpù tàbí rọ́bà lára wọn. Kẹ́ ẹ tó gbé ojú ẹlòmíì síta, ẹ bi í.

Ẹ padà síbẹ̀, tẹ́sẹ̀ bá lè gbé yín

Igi tó wà ní Sycamore Gap lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògiri Hadrian ní Ìgílánńdì, ẹgbàágbèje èèyàn ló ti yà á, September 28, 2023 lilẹ̀ mọ́ tí wọ́n bá a tó ti wó sílẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì ló gé e lóru. Azure Window, àpáta ńlá tó rí bí ojú fèrèsé ní Málítà, wó sínú òkun ní March 8, 2017. Ẹni tó ya ìwọ̀nyí tẹ́lẹ̀, fọ́tò ẹ̀ ti di ẹ̀rí. Tiyín náà lè rí bẹ́ẹ̀, odò á ti yí ipa padà, igi kékeré tẹ́ ẹ fara tì á ti di ìrókò ńlá, yìnyín á ti fà sẹ́yìn, ìdí ẹ̀ nìyẹn táwọn onímọ̀ fi ń padà lọ dúró síbi tí àwọn ará ìṣáájú dúró sí láti ya odò yìnyín lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rí ojú ibi tẹ́ ẹ dúró sí gan-an rèé. Ẹ tẹ fọ́tò yẹn sórí pépà ẹlẹ́yọ kan kẹ́ ẹ mú un dání, fóònù á máa kú mọ́ yín lọ́wọ́ nínú oòrùn. Ẹ wá nǹkan méjì nínú ẹ̀, ọ̀kan tó sún mọ́, ọ̀kan tó jìnnà, tí wọ́n fara kan ara wọn, ẹ jẹ́ ká sọ pé òpó géètì kan tó bo ìdajì àpáta tó wà lókè ọ̀hún. Tó bá jẹ́ pé báyìí òpó yẹn bo gbogbo àpáta, ẹ ń sún sápá kan títí tí ìdajì ẹ̀ á fi yọ bó ṣe yọ nínú fọ́tò. Ẹ wá méjì míì lápá kejì fọ́tò, ẹ ṣe bákan náà. Tí méjèèjì bá ti bára mu, ẹ wo bí orí òpó ṣe ga tó lára òkè, tó bá ga jù, ibi tẹ́ ẹ dúró sí ti lọ sílẹ̀ jù tàbí ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ẹ máa wo ẹ̀yìn yín kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀ sẹ́yìn o, ẹ jọ̀ọ́, pàápàá létí ọ̀gbun, ojú máa ń wà lára pépà tẹ́sẹ̀ á gbàgbé ara ẹ̀. Ẹ yà á bí kámẹ́rà ìgbà yẹn ṣe yà á, tó bá dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ dá a dùbúlẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà àtijọ́ pe tuntun, 14 àti 14-tuntun, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí. Lẹ́yìn náà ẹ yí padà, kẹ́ ẹ ya ohun tó wà lẹ́yìn yín, torí lọ́jọ́ kìíní kò sẹ́ni tó yà á.